Oògùn Ìyàwó Nímú Ọkọ

Aránṣọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í tètè dá. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un níka pẹ́nrẹ́n, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣí ẹnu odò. Nítorí ẹ̀ ni dókítà fi fún un ní oògùn tó ń fín símú, họ́mọ́ọ̀nù àfọwọ́ṣe tó jọ ti inú ara. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì ń sé ìtọ̀.

"Tẹ́ ẹ bá ti fín in, ẹ rọra mumi o," dókítà kìlọ̀. "Kíndìnrín ò ní jẹ́ kómi jáde. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ọpọlọ á wú."

Ọkọ ẹ̀, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Kò sí igbó tí ọkùnrin yìí ò tíì bomi rin. Àwọn èrò ọkọ̀ ń pè é ní Baba Ẹ̀rọ-omi. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ìjọ́ mẹ́ta yìí, kò dúró tọ̀ mọ́. Á wakọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìjókòó. Aránṣọ ń fọ́nnu ẹ̀ fáwọn oníbàárà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa yọ eyín aránṣọ nílé ìwòsàn pé. Ó fín oògùn símú, fíín, fíín, lójú ọkọ rẹ̀. Ó dúró kó ṣiṣẹ́, ó wọlé lọ lanu lórí àga. Bí dókítà eléyín ṣe ní kóun fi ẹ̀mú gbá eyín mú báyìí, gbì! Ọkọ ti ṣubú nínú yàrá ìdúródè. Ó ń bì. Gbogbo wọn sáré jáde.

Ọkọ ti ń ṣèrànrán; ó di nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mú, ó ṣebí kọ̀ndọ́kítọ̀ òun ni. "Kọ̀ndọ́kítọ̀, má sọ fún ìyàwó mi o. Oògùn ẹ̀ ni mò ń fín tí mi ò fi ń tọ̀. Omi ẹ̀rọ ni mo rọ́ sínú ìgò ẹ̀."

"Ṣé ó mumi lónìí?" dókítà béèrè.

"Odindi kẹ́ẹ̀gì," aránṣọ dáhùn. Ó ní òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ ni.

Wọ́n fún un lómi iyọ̀ gba ojú iṣan. Nígbà tó máa dìrọ̀lẹ́, ojú ẹ̀ ti wálẹ̀. Ìyàwó jókòó tì í, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú bíi bọ́ọ̀lù, eyín ṣì wà lẹ́nu.

"Ìyàwó mi, má bínú. Àwọn èrò ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Fi tèrò sílẹ̀. O jókòó, ò ń wò mí bí mo ṣe ń fín omi símú. Ká ní o ò ṣubú, ṣé wàá sọ̀rọ̀?"

Ọkọ yíjú sógiri.

Aránṣọ gbé báàgì ẹ̀, ó sì jáde.