Ilé Ni Wọ́n Ti Kà Wá

Ẹ bi ará Budó Ọlọ́kà kan léèrè pé ibo nilé rẹ̀, kíá ni yóò dá yín lóhùn pé Ìlọrin ni. Ìlọrin wo? Bàbá ọkọ mi ò gbé Ìlọrin rí láyé ẹ̀. Bàbá tó bí i pàápàá, Budó Ọlọ́kà náà ni wọ́n bí i sí. Àmọ́ torí pé agbo ilé wọn wà ní Gàmbàrí, pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìyàwó àti ìsọmọlórúkọ lọ ṣe, Ìlọrin nilé, Budó Ọlọ́kà ni oko. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bí mi nínú láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wá síbẹ̀ ní ìyàwó.

Ìlú wa ò tóbi, mo gbà. Ilé amọ̀ díẹ̀ lórí àpáta pẹrẹsẹ kan, mọ́ṣáláṣí kékeré láàárín wọn, oko ọkà bàbà nísàlẹ̀. Odò kan gba ọwọ́ ọ̀tún wa, òmíràn gba ọwọ́ òsì, àwọn méjèèjì sì pàdé níwájú, níbi tí ọ̀nà Ìlọrin gbà kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ibẹ̀ ò dé ọrùn ẹsẹ̀ ènìyàn. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ó parí nìyẹn. Mọ́tò ò lè wọlé, àwa náà ò lè jáde.

Àsìkò òjò ni mo bí ọmọ mi kejì, lọ́dún 1972. Ara rẹ̀ gbóná, kò mu ọmú mọ́. A gbé e dé etí odò, omi ti kún bo ọ̀nà. A jókòó síbẹ̀ pé bóyá yóò fà. Omi ò fà, ọmọ sì kú lórí ẹsẹ̀ mi. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó di ọdún kejì, wolé-wolé tó máa ń wá wo kànga wa, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀, ará Ọ̀mù-Àrán, pe gbogbo wa jọ síwájú mọ́ṣáláṣí. Ó ní ìjọba fẹ́ ka ènìyàn. Ó ní bí wọ́n bá bá wa nílé tí a pọ̀ tó, òun fúnra òun yóò bá wa sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ òun kí wọ́n fún wa ní dìsípẹ́ńsárì, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tí yóò máa sùn síbẹ̀. Mo ti lóyún mìíràn nígbà náà, kò tíì hàn síta. Mo ṣírò rẹ̀, àárín òjò ni n ó bí i. Ojúlé dé ojúlé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbì kankan lọ́jọ́ ìkànìyàn." Gbogbo wọn ní, "Wàláhì, a ò ní kúrò."

Ọjọ́ náà pé, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ni mo gbọ́ ìró lọ́rì. Mọ́gàjí agbo ilé wa ló rán an wá láti Gàmbàrí. Wọ́n ní agbo ilé tó kángun sí tiwa ń fọ́nnu pé àwọn ló pọ̀ jù ládùúgbò, pé kí gbogbo ọmọ ilé wá sílé kí wọ́n kà wọ́n, pé ẹni tí kò bá wá, òun ló mọ ibi tó ti wá. Háà! Àwọn ènìyàn mi fi ọkà sílẹ̀ lóko láìkó. Wọ́n wọṣọ Iléyá. Mo bá ọkọ mi, Ìbráhímù, níbi tó ti ń dé fìlà sí orí Bẹ̀llò ọmọ wa.

"Bàbá Bẹ̀llò, ibo lẹ ń lọ?"

"Ilé ni."

"Ibi tí ẹ dúró sí yìí ńkọ́?"

"Ìyá Bẹ̀llò, má dá wàhálà sílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kà mí sóko bí ewúrẹ́ ni?"

"Dìsípẹ́ńsárì ńkọ́? Oyún inú mi ńkọ́?"

"Ọlọ́run ló ń bani gbẹ̀bí," ló wí, ó sì gun lọ́rì.

Èmi ò lọ. Èmi àti Ìyá Asabe, arúgbó tí kò lè gun mọ́tò mọ́, la ṣẹ́kù, pẹ̀lú àwọn adìyẹ. Nígbà tí oòrùn ti mú, akànìyàn dé lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀dọ́ tíṣà kan, ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tó dáhùn.

"Màmá, àwọn ènìyàn dà?"

"Wọ́n relé."

"Ta ló wá ni àwọn ilé wọ̀nyí?"

Mo fà á wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo fi ẹní hàn án, mo fi ìkòkò hàn án, mo ní kó fọwọ́ kan eérú pé ó ṣì gbóná. Mo ń dárúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó káàánú mi, mo rí i lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, "Màmá, ẹni tí mo bá rí ni mo lè kọ. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀." Ó kọ èmi àti Ìyá Asabe, ó fi ẹfun sàmì sára ògiri, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n padà dé, orin lẹ́nu wọn, búrẹ́dì Táíwò Road lọ́wọ́ wọn.

"A borí wọn!" Ọkọ mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. "Mo dárúkọ tìrẹ náà, wọ́n ti kà ọ́ mọ́ wa nílé."

"Èmi tí mo wà níbí?"

"Ẹni tó wà lóko náà, ará ilé ni."

N kò fẹnu kan búrẹ́dì náà. Inú bí mi débi pé n kò rí omijé sun.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ tó tún wá. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti fi dìsípẹ́ńsárì náà fún ìlú tó wà lódìkejì odò, pé nínú ìwé tó wà níbi iṣẹ́ àwọn, obìnrin méjì péré ló ń gbé Budó Ọlọ́kà. Àwọn ọkùnrin wa rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní kò burú, àwọn kúkú ní ọsibítù nílé.

Mo wo ikùn mi, mo wo odò tó ti ń pọ́n. Mo wọlé lọ di ẹrù. Bí ẹ bá ti ní ilé ni, èmi náà ń relé. Ọkọ mi ru ẹrù tẹ̀lé mi, ó ń kùn títí a fi la omi kọjá, títí a fi rí mọ́tò wọ̀, títí a fi dé Gàmbàrí. Mọ́gàjí kí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n fún wa lómi. Wọ́n béèrè ìgbà tí a máa padà.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ó di ìgbà tí mo bá bímọ. Yàrá wo ni kí n gbẹ́rù mi sí?"

Mọ́gàjí ń wo ọkọ mi, ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Ìyáálé ilé ló wá sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Yàrá kẹ̀? Hàlímọ̀tù, ibo la fẹ́ kó ẹni tó wà nínú wọn sí? Ṣé ẹ ò nílé lóko ni?"

Mo dìde, mo tú ẹní mi. Mo tẹ́ ẹ sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn gan-an, níbi tí gbogbo ilé ń gbà kọjá, mo jókòó lé e, mo sì na ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

"Ẹ ti kà mí síbí," ni mo wí. "Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó gba orí mi kọjá."