Balógun Afárá

Ọkọ mi kì í gun àkàbà. Bí gílóòbù bá kú nínú ilé wa, èmi ni mo máa ń gun orí tábìlì lọ pààrọ̀ rẹ̀. Òun á dúró sílẹ̀, á di ẹsẹ̀ tábìlì mú gírígírí, á wá máa pàṣẹ bí ọ̀gá: "Rọra o! Yí i sápá ọ̀tún! Má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀!" Ọkùnrin yìí kan náà ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Balógun Afárá.

Ẹnu ló fi gba oyè náà. Ṣúmẹ́kà ni, aránṣọ lèmi, inú ṣọ́ọ̀bù kan náà la sì jọ wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́bàá fèrèsé, àpótí tó ń jókòó lé wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó gbé bàtà wá tí kò ní gbọ́ ìtàn afárá rélùwéè kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ.

Ìtàn náà rèé. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òdìkejì àfonífojì ni ilé bàbá mi wà, ìhà ibí ni tiwọn. Afárá gíga kan tí wọ́n fi òpó òkúta gbé ró ló so ìhà méjèèjì pọ̀, ọkọ̀ ojú irin nìkan ló sì wà fún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, tí ẹ̀rù kì í bà rárá, sọ fún gbogbo ọkùnrin tó ń yọjú sí mi pé ẹni tí kò bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá lórí afárá náà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí ọkọ̀ kì í ṣiṣẹ́, kó má wulẹ̀ wá wo ojú àbúrò òun. Ọkọ mi ní òun rìn ín. Ó ní atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fìlà òun lọ. Ó ní láàárín pákó kan sí èkejì òun ń rí téńté orí igi nísàlẹ̀, àṣá sì ń rà bàbà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Ọdọọdún ni atẹ́gùn yẹn ń le sí i.

Irọ́ ni. Kò rìn ín rí. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nílé ọkọ mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn máa ń rí tí á sì ká a sínú bí ẹni ń ká etí aṣọ. Ìtàn náà dùn ún sọ, kò sì pa ẹnì kankan lára, àfi bí kánsù ṣe wá dá sí ọ̀rọ̀ wa.

Ọkọ̀ ojú irin ti pa ọ̀nà yẹn tì tipẹ́tipẹ́, igbó sì ti ń bò ó. Ni kánsù bá to pákó tuntun sórí afárá, wọ́n ṣe irin tí èèyàn lè fọwọ́ dì mú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n ní kí aráyé máa wá nasẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fóònù wá: òun ń mú ọmọ òun bọ̀ ní Sátidé, kí Bàbá àgbà mú un kọjá afárá bí wọ́n ṣe ṣe é láyé àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tún wá dá kún un. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n òdìkejì ló ṣì ń gbé. Ó ní òun á gbé àga síbi tí afárá parí sí, kí òun fojú ara òun rí i bí àna òun ṣe ń bọ̀.

Nígbà tí mo jíṣẹ́ yìí, ọkọ mi fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwáwí ti dé. Lónìí, ẹ̀yìn ń ro ó. Lọ́la, òjò máa rọ̀. Nígbà tó di Furaidé, ó ní bàtà òun ti lu.

"Bàtà yín lu?" ni mo bi í. "Ṣúmẹ́kà ni kò ní bàtà?"

"Ìyá àwọn ọmọ, má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òrofó tèmi nìyí. Bó bá jókòó sílé, wọ́n á mọ̀. Bó bá lọ tó sì sá padà lójú ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti àna rẹ̀, kò ní lè sọ ìtàn kankan mọ́ láyé, ilé wa á sì dákẹ́. N kò fẹ́ kí ojú tì í. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà pẹ̀lú irọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a dé ibi afárá ní Sátidé, ọ̀dà ara irin náà ṣì ń rùn, pákó rẹ̀ ṣì funfun. Ọmọ-ọmọ wa ti ń fò sókè sódò. Mo ní kí òun àti ìyá rẹ̀ máa lọ, pé àgbà ò lè sáré. Nígbà tí wọ́n ti jìnnà díẹ̀, mo di àyà mú.

"Baba, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ́wọ́."

Irọ́ ni tèmi náà. Ó wò mí, ó gbé àyà sókè, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ń làágùn. "Má wo ìsàlẹ̀ o," ló ń sọ fún mi. "Iwájú ni kóo máa wò. Èmi ni mo wà níbí." Mo yíjú wò ó, àṣé ojú méjèèjì ló dì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, afọ́jú ń fọ̀nà han ẹni tó ríran, títí a fi dé àárín. Atẹ́gùn kan fẹ́. Kò tó èyí tó lè gbé fìlà ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọkọ mi fi mí sílẹ̀, ó so mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ afárá, kò sì lọ síwájú mọ́, kò padà sẹ́yìn.

"Ìyá àwọn ọmọ, n kò lè lọ mọ́."

"Ẹ sinmi díẹ̀."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsinmi." "N kò rìn ín rí. Láyé mi, n kò rìn ín rí."

"Mo mọ̀."

Ó la ojú kan. "O mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé ẹ ò rìn ín rí. Èèmọ́ kì í hù lórí irin."

Kò kọ́kọ́ yé e. Ni mo bá rán an létí. Gbogbo Sọ́ńdè tó bá dé ilé wa, bó ṣe ń ròyìn atẹ́gùn fún ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí mo ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ nígbà náà máa ń wo aṣọ ara rẹ̀. Láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, èèmọ́ inú igbó tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ló bo ṣòkòtò rẹ̀, ẹrẹ̀ odò sì wà lára bàtà rẹ̀. Èmi ni mo máa ń yọ́ ṣa èèmọ́ náà kúrò kí ẹ̀gbọ́n mi tó kíyè sí i.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí," ló wí, "o kàn ń wò mí níran?"

"Mo ń gbádùn ẹ̀ ni. Ẹ mọ ìtàn sọ."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. Mo wá yọjú wo ìsàlẹ̀. N kò tíì wo inú àfonífojì yẹn láti òkè rí. Mo rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ sọ̀, igbó tó ki pọ̀, odò tó ń kọ mànà láàárín òkúta, àti òkè tó dúró ṣánṣán lápá ilé bàbá mi. Ẹni tó bá gba orí afárá, wàrà ló ti dé. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ yẹn, á lo ìdajì ọjọ́, á sì tún gba ibẹ̀ padà. Ó ń ṣe é ní gbogbo Sọ́ńdè, àtòjò àtẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti mọ̀ pé kò gba orí afárá. N kò mọ bí ibi tó gbà ṣe jìn tó. Omi bọ́ lójú mi.

"Ẹ gbọ́," ni mo wí. "Àwọn tó gba orí afárá wá, ìyìn ni wọ́n wá gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin, èmi lẹ wá rí."

Ó ju irin sílẹ̀, ó tún mú mi lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. A rọra ń rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

"Kí ni ká wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ohun tó bá wù yín ni. Èmi ò rí nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga rẹ̀ lóòótọ́, ó fi àgbọ̀n lé orí ọ̀pá. "Balógun!" ló kígbe. "Ṣé bó ṣe rí láyé ọjọ́un náà ló rí?"

Gbogbo wọn ń wo ọkọ mi. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, n kò mọ̀. Òní ni mo kọ́kọ́ rìn ín."

"Bàbá àgbà," ni ọmọ-ọmọ wa wí, "ṣé ẹ purọ́ ni?" Ìyá rẹ̀ sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Mo purọ́," ni ọkọ mi dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi lejú. "Ibo lo wá ń gbà wá bá wa nígbà náà?"

Ọkọ mi nàka sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá dìde, ó lọ síbi irin, ó bojú wo àfonífojì náà títí.

"Inú ibẹ̀ yẹn? Àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè, bí òòlù wa bá já bọ́ síbẹ̀, a máa ń yááfì rẹ̀ ni!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́. Ṣé àbúrò mi náà lo ń torí ẹ̀ gba ibẹ̀? Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má wulẹ̀ dán ẹ wò."

Ọmọ-ọmọ wa ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ gbà padà sílé. Ìyá rẹ̀ ń kùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà la gbà. Ẹ wá wo ọkọ mi lórí ilẹ̀! Ó mọ gbòǹgbò tí a máa dì mú, ó mọ òkúta tí a máa tẹ̀ nínú odò, ó ń dúró dè wá, ó ń na ọwọ́ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò dá mi lójú pé mo ti rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nírọ̀lẹ́, mo tẹ́ ṣòkòtò rẹ̀ sórí itan nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń ṣa èèmọ́. Aládùúgbò wa kan gbé sálúbàtà wá. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ọkọ mi ti dé inú àfonífojì, ó ti débi odò, ó sì ti bá ejò kan pàdé tó nà tó ìyí. Nígbà tí mo fi máa ṣa ẹsẹ̀ ṣòkòtò kejì tán, ejò náà ti di méjì.