Orúkọ Iwájú Ọkọ̀

Kò sí ọmọ tí Alhaji Mùbàṣírù bí tí kò ra ọkọ̀ agbégẹdú fún. Kì í ṣe pé ọmọ máa wà á o. Orúkọ ọmọ ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, Jubril, ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó gẹdú láti igbó Ogun Waterside wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Asimawu dé, ọkọ̀ di méjì. Abdulafeez tẹ̀ lé e, Ọmọ́wùnmí sì ni àbíkẹ́yìn. Nígbà tí ọmọ tán, Alhaji bọ́ sórí àwọn ọmọ-ọmọ. Lónìí, ọkọ̀ mọ́kànlá ló wà ní ọgbà wọn ní àdúgbò Atíkórí, ilé-iṣẹ́ sì ti ń tẹ kàlẹ́ńdà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ẹbí Alhaji, kó dúró sẹ́bàá títì kó máa kà wọ́n.

Ọmọ́wùnmí ló ń bójú tó ọ́fíìsì. Òun ló ń sọ ọkọ̀ tó máa jáde. Lọ́jọ́ kan, dẹ́rẹ́bà wá sọ fún un pé bíréèkì ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò mú dáadáa mọ́. Pákó ti kún orí ọkọ̀, oníbàárà Ìbàdàn kò yé pè. Ọmọ́wùnmí ní kí dẹ́rẹ́bà rọra máa lọ, tó bá dé wọ́n á tún un ṣe. Ọkọ̀ kọjá Ilaporu wọ́ọ́rọ́wọ́. Àgọ́-Ìwòyè ló ti gun ọ̀kadà kan mọ́lẹ̀, ó pa ọlọ́kadà àti Daniel, ọmọ yunifásítì tó gbé, ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà Zipporah, olùkọ́ kan nílùú náà, bí.

Dẹ́rẹ́bà sá lọ, wọn ò rí i mọ́. Gbogbo ayé ní eré àsápajúdé ló sá. Ọmọ́wùnmí nìkan ló mọ̀ pé irọ́ ni, kò sì lè la ẹnu sọ ọ́. Ìtìjú ń pa á, ẹ̀rù bàbá rẹ̀ sì ń bà á.

Nígbà tí ọlọ́pàá yọ̀ǹda ọkọ̀, Alhaji ní orúkọ ló bàjẹ́ lára rẹ̀, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Owó ọkọ̀ tuntun ti ga ju ẹnu lọ báyìí, nítorí náà orúkọ Ọ̀rẹ́dọlá ló máa kọ síbẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́ta tí Ọmọ́wùnmí ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ọmọ́wùnmí kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, ó pọn ọmọ, ó gba ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè lọ.

Tíṣà jókòó níwájú ilé. Ọmọ́wùnmí kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

"Mà, bíréèkì ọkọ̀ wa tó pa Daniel kò dára. Dẹ́rẹ́bà sọ fún mi. Èmi ni mo ní kó jáde."

Tíṣà kò sunkún, kò ṣépè.

"Ṣé ẹ ti tún un ṣe?"

Ọmọ́wùnmí mi orí pé rárá.

"Dìde, lọ tún un ṣe. Tóo bá ṣe é tán, kóo padà wá kúnlẹ̀ síbí."

Lójú ọ̀nà, Ọmọ́wùnmí pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù títí, kò gbé e. Ó ti pinnu pé ohun tóun sọ fún Tíṣà náà lòun máa sọ fún un, ohun tó bá fẹ́ kó fi òun ṣe. Nígbà tó fi máa dé Atíkórí, wọ́n ti kírun ọ̀sán tán. Ibi tí ọkọ̀ náà máa ń wà ṣófo, epo dúdú nìkan ló kù nílẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ orúkọ sára ọkọ̀ ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó kí i kú oríire. Ó ní orúkọ Ọ̀rẹ́dọlá wá jáde rekete, ọkọ̀ sì ti lọ kó gẹdú ní Ogun Waterside, Alhaji ò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ tán.

Ọmọ́wùnmí bi í bóyá wọ́n tú bíréèkì rẹ̀ wò kó tó jáde.

"Ọ̀dà nìkan ni wọ́n pè mí fún, Àǹtí."