Eyín Tó Ti Kú Kì Í Ké

Ní abúlé tí Ọyatọ́lá ń gbé, lẹ́bàá Ọ̀fàdà, kò sí obìnrin tó ń gbé ìrẹsì lọ sí ẹ̀rọ láì kọ́kọ́ gbé e wá síwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti bọ ìrẹsì tán, tí wọ́n sì ti sá a sóòrùn, Ọyatọ́lá á mú ẹyọ kan, á fi eyín ẹ̀yìn gé e. Bó bá dún pọ́, ó ti gbẹ. Bó bá rọ̀ mọ́ eyín, ẹ máa sá a lọ. Kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tó ṣì í, àfi ọdún tí eyín náà fúnra rẹ̀ kọ iṣẹ́.

Apá òsì ni, nísàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Omi tútù á kàn án, ara rẹ̀ á gbọ̀n. Ẹ̀kọ gbígbóná á kàn án, á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Bó bá ṣe díẹ̀, á rọlẹ̀. Nígbà tó yá, apá ọ̀tún nìkan ló fi ń jẹun, ó sì ń mu omi bí ẹyẹ, díẹ̀díẹ̀. Ó fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu, ó ki kànáfùrù bọ ojú ihò náà. Ara á tù ú, ìrora á tún padà dé.

"Kòkòrò ló ń jẹ ẹ́," ni Fátọ́lá ọkọ rẹ̀ wí. "O kì í run orín bó ṣe yẹ. Wo tèmi." Ó la ẹnu, ó fi ìka kan eyín rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Eyín ni Fátọ́lá fi ń ṣí ìdérí ọtí, ó sì fẹ́ràn kí èèyàn máa wò ó bó bá ń ṣe é. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò sùn kí n má fojú ba oorun nítorí eyín rí."

Péjú, ọmọ wọn tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Alábàtà, ti bẹ ìyá rẹ̀ títí lórí fóònù pé kó lọ rí dókítà eyín. Ọyatọ́lá kò gbà. Àbúrò rẹ̀ lọ nígbà kan, wọ́n fa eyín yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì jìn wọlé bí àpò tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀.

Ìrẹsì Wùnmí ló yí i lọ́kàn padà. Aládùúgbò rẹ̀ ni Wùnmí, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá oko ìrẹsì tirẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ìkórè àkọ́kọ́ rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ìyá bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ọyatọ́lá kò lè gé e, ojú sì ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ ra á, ó ní, "Ó ti gbẹ." Wùnmí gbé e lọ sí ẹ̀rọ, ìrẹsì náà sì rún wẹ́wẹ́. Ọmọ náà kò bínú. Ó ní oòrùn ọdún yẹn ni kò mú tó. Ṣùgbọ́n Ọyatọ́lá mọ̀ pé oòrùn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó pe Péjú fúnra rẹ̀.

"Bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín," ló wí. "Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ kí wọ́n fà á."

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, Fátọ́lá ló sìn ín lọ, nítorí Péjú kò lè fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná. Wọ́n wọkọ̀ dé Papalanto, wọ́n wọ òmíràn wọ Abẹ́òkúta. Gbogbo ẹni tó bá kí wọn nínú ọkọ̀ ni Fátọ́lá ń dá lóhùn pé, "Ìyàwó mi ni mo sìn o, èmi ò lárùn kankan."

Ní ilé ìtọ́jú eyín tó wà ní Òkè-Ìlewó, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó fi ìbòrí bo orí ló gbà wọ́n sí yàrá. Dókítà Haleemah ni. Ìdílé oníṣòwò aṣọ nígboro Abẹ́òkúta ló ti wá, ó sì mọ àgbà í kí.

"Ẹ kú ìrìn, Màmá. Bàbá, ẹ kú wàhálà. Kí ló ń ṣe wá?"

Ọyatọ́lá tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ ìgò kékeré kan tó lọ́mọrí. Ó gbé e fún un.

"Kí lèyí wà fún, Màmá?"

"Kòkòrò náà ni, ọmọ mi. Bó o bá mú un, bá mi fi í síbẹ̀. Mo fẹ́ gbé e délé kí wọ́n rí i."

Dókítà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fà sún mọ́ ọn. "Màmá, kò sí kòkòrò tá a lè fi sínú ìgò. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kan ló wà lẹ́nu gbogbo wa, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí wọn. Ohun dídùn tó bá lẹ̀ mọ́ eyín ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á yọ omi kíkan, omi náà ló ń jẹ eyín títí á fi lu. Ṣé ẹ fẹ́ràn nǹkan dídùn?"

Ọyatọ́lá fẹ́ sọ pé rárá. Ó wá rántí àkókò tí ìrẹsì bá yọ orí, tí òun máa ń jókòó sóko láti àárọ̀ dalẹ́ láti lé ẹyẹ, tí súìtì bàbá dúdú á sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì òun láti orí ọ̀kan dé orí èkejì.

"Mo máa ń fi nǹkan panu," ló fohùn jẹ́ẹ́jẹ́ wí.

Fátọ́lá bú sẹ́rìn-ín.

Dókítà yẹ eyín náà wò, ó ya àwòrán rẹ̀. Ó ní ìròyìn ayọ̀ ni: ihò náà kò tíì kan iṣan inú eyín. Kò sídìí láti fà á. Òun á họ ibi tó jẹrà kúrò, òun á sì dí i.

Abẹ́rẹ́ náà ta á díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ẹ̀rọ kékeré kan ń ké bí ẹ̀fọn létí, omi ń tú sí i lẹ́nu, Ọyatọ́lá sì di apá àga mú gírígírí, ó ń retí ìrora tí kò dé. Dókítà fi nǹkan funfun rírọ̀ kan dí ojú ihò, ó tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, nǹkan náà sì le. Ó fi pépà tín-ín-rín kan sáàárín eyín rẹ̀, ó ní kó deyín pọ̀. Ó gé díẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó tún ní kó deyín pọ̀, títí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ fi bára mu. Ó wá gbé dígí fún un. Ọyatọ́lá wá ihò náà títí, kò rí i.

"Ó tán?" ló bi í. "Ṣé ohun tí mo ń bẹ̀rù látọdúnmọ́dún nìyí?"

Fátọ́lá dìde, ó na ara. "Eyín tèmi kò lè fún yín níṣẹ́ ṣe, Dókítà."

"Ẹ jẹ́ kí n kí i náà, Bàbá."

Tayọ̀tayọ̀ ló fi jókòó tó sì lanu. Dókítà wò ó, ó fi irin kan eyín kan lẹ́yìn, ó tún un kàn. Ó béèrè bóyá ó dùn ún. Kò dùn ún. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì gbé e síwájú Fátọ́lá.

"Bàbá, eyín yìí ti sán, ó sì ti jẹrà dé inú. Iṣan rẹ̀ ti kú, ìdí nìyẹn tí kò fi dùn yín. Eyín tó ti kú kì í ké. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ti ń gbára jọ sí ìdí rẹ̀. Bá a bá fi í sílẹ̀, àgbọ̀n yín á wú."

Fátọ́lá wo ìyàwó rẹ̀. Ọyatọ́lá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kú náà kò sì jẹ́ kó lè mú un mọ́ra. Ìdajì ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ó fà á ni?" Ohùn Fátọ́lá ti wálẹ̀.

"A lè gbà á là. A ó fọ ihò gbòǹgbò rẹ̀ mọ́, a ó dí i, a ó wá fi ìdérí dé e lórí bí ìgbà tá a dé fìlà. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọtí tí ẹ ń feyín ṣí náà sì ti parí nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé Fátọ́lá ń lọ sí Òkè-Ìlewó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Ọyatọ́lá ló sì ń sìn ín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òógùn bò ó kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́ jáde, ìyàwó rẹ̀ ló dì í lẹ́sẹ̀ mú títí tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì sí ohun tó mú àwọn méjèèjì jáde lọ sígboro pọ̀, bí kò ṣe òkú tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nísinsìnyí, bí iṣẹ́ ẹnu bá parí, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi kan ní ibùdókọ̀ Kútọ̀, wọ́n á máa wo àwọn ọmọ ìlú bí wọ́n ṣe ń kọjá, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ tí kò kan oko. Lọ́jọ́ kan Fátọ́lá ra bàtà fún un láìjẹ́ pé ó béèrè.

Ọjọ́ tí wọ́n dé eyín náà lórí tán, Dókítà ní ó di ìgbà tí oṣù mẹ́fà bá pé kí wọ́n tó padà wá fún àyẹ̀wò. Àwọn méjèèjì súre fún un, wọ́n sì jáde lọ sórí bẹ́ǹṣì wọn.

"Oṣù mẹ́fà jìnnà," ni Ọyatọ́lá wí.

"Ara ti yá wa, kí la tún fẹ́ wá ṣe níbí?"

"A ó wá jókòó ni, Bàbá Péjú."

Ọkọ̀ Papalanto dé, agbèrò ń pe èrò, kò sì sí èyí tó dìde nínú wọn.

"Ẹ jẹ́ kí eléyìí kún lọ," ni Fátọ́lá wí fún agbèrò. "A ó wọ òmíràn."