Ìrìn Bàbá Sibiri

Ní abúlé wa, bí àgbàlagbà bá kú, ọ̀kan nínú ìyàwó àwọn ọmọ rẹ̀ ni í wọ aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú àṣekágbá. Yóò mú ọ̀pá rẹ̀, yóò rìn bíi tirẹ̀, a ó sì máa fi orúkọ òkú pè é. Bí àwọn ènìyàn kò bá dá òkú mọ̀ lára obìnrin náà, òkú ṣì wà lẹ́yìn odi nìyẹn, kò tíì rí ọ̀nà bá àwọn baba rẹ̀.

Timpoko, ìyàwó Sibiri ẹ̀gbọ́n mi, ni wọ́n yàn láti jẹ́ bàbá wa, Nobila. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá bá àwọn Faransé jagun: ní ogun Jámánì, níbi tí wọ́n ti mú un nígbèkùn, àti ní Fiẹtinámù. Lẹ́yìn náà ló fi ogójì ọdún dáko ọkà bàbà.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ìyá wa fi ń kọ́ Timpoko.

"Gbáyà sókè. Sójà ni ẹ́, o kì í ṣe aláboyún."

"Ẹ̀yin ìyá, mi ò rí i kí bàbá yan rí o."

"Ta ló bi ẹ́? Máa yan."

Nígbà tí ọjọ́ pé, bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Paré dé. Ẹ̀yà Samo ni. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni àwa àtàwọn Samo ti ń bú ara wa ṣeré, a kì í bínú síra wa, kódà níbi òkú. Ó jókòó dí ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní wọlé àfi bí ẹrú òun Nobila bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé.

Timpoko yan wọ àgbàlá, àmì ẹ̀yẹ ń dún lára kóòtù, ó sì fọwọ́ kan iwájú orí.

Paré wò ó. "Ẹrú mi ni mò ń retí, ọlọ́pàá lẹ rán sí mi."

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tó gbé igbá omi ìyẹ̀fun ọkà dání de ọkọ rẹ̀, dorí kodò. Timpoko rí i. Ó padà sí ẹ̀yìn odi, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún wọ àgbàlá.

Lọ́tẹ̀ yìí kò yan. Ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ níwájú, ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ní Fiẹtinámù, wọ́n máa ń ri àdó ikú mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwa ọmọ rò pé ojú ló ń dun bàbá tó fi ń rìn bẹ́ẹ̀. Timpoko, tó fi ọdún mẹ́jọ tẹ̀ lé e lọ sóko, mọ̀ pé kì í ṣe ojú. Nígbà tó dé ìdí oúnjẹ tí wọ́n gbé sí àgbàlá, ó bu òkèlè kan, ó jẹ ìdajì, ó fi ewé pọ́n ìyókù sápò kóòtù, bí ẹni tí ebi ìgbèkùn kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"O pẹ́, ẹrú mi," Paré wí. "Ṣé ọ̀nà ò dáa ni?"

"Kò dáa."

Paré dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó gbé igbá síwájú.

"Bàbá Sibiri, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Kò sí nǹkan kan nínú ilẹ̀ yìí."

Timpoko jókòó, ó sì mu ún tán.