Àwọn Ìràwọ̀ Bàbá Nínú Omi Sódà

Ní ilé àwọn alágbàfọ̀ yìí, ibi tí o bá gbé bàsíà sí ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàsíà tó bá wà lábẹ́ ògiri ọ̀tún, aṣọ aláwọ̀ ni, omi tútù ló yẹ ẹ́. Èyí tó bá wà lábẹ́ ògiri òsì, aṣọ funfun ni, omi gbígbóná àti sódà ni tirẹ̀. Bàbá tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló fi òfin yìí lélẹ̀. Ó ti sùn nínú Olúwa kí ìyàwó tuntun tó wọlé, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò bá a lọ. Ní àràárọ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jogún iṣẹ́ náà a gbé garawa omi sódà lọ́wọ́, a máa kọ orin ìyìn, a sì máa bu omi náà sínú gbogbo bàsíà tó tò sábẹ́ ògiri òsì láìwo inú wọn. Kí ló fẹ́ wò? Ògiri ti sọ̀rọ̀.

Ìyàwó, bí gbogbo ilé ṣe ń pe aya rẹ̀ nìyẹn, mọ òfin náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni Kérésìmesì, gbogbo àdúgbò ló ti kó aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ sí ìsìn wá, ògiri ọ̀tún sì kún débi pé èèyàn kò rí ibi ki ẹsẹ̀ bọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀. Màámi ni wọ́n ń pè é. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí Màámi lọ tọ́jú ọmọ tuntun nílé ọmọ rẹ̀ àgbà, nítorí náà òun àti Ìyàwó kò tíì gbé pọ̀ tó láti mọ ìwà ara wọn. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó fa Ìyàwó lọ́wọ́ dé ìdí àpótí kan, ó ṣí i, ó sì fi àwọn ìràwọ̀ kéékèèké hàn án. Aṣọ ni wọ́n fi rán wọn, òwú ló kún inú wọn, gbogbo wọn ló pupa fòò.

"Ìràwọ̀ Bàbá wọn nìyí," ni Màámi wí. "Ìwọ ni yóò fi wọ́n ṣe igi Kérésìmesì lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́dún yìí. Mo fi lé ọ lọ́wọ́."

Mo fi lé ọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Ìyàwó sinmi. Ó fẹ́ kí Màámi wọlé, kó wo igi náà, kó sì wí nínú ọkàn rẹ̀ pé ọmọ yìí ṣeé fi nǹkan lé lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi kó àwọn ìràwọ̀ náà jáde láàárọ̀. Eruku ti bò wọ́n, òórùn káńfọ̀ sì gbà wọ́n kan. Ó rẹ wọ́n sínú omi tútù, ó wá àyè lábẹ́ ògiri ọ̀tún, kò rí. Bí oníbàárà kan ṣe ń kan ilẹ̀kùn níwájú, ó ní, "Mo ń bọ̀ báyìí," ó gbé bàsíà náà sábẹ́ ògiri òsì, ó sì sáré lọ dá a lóhùn.

Nígbà tó padà dé, orin ìyìn ti dé ẹsẹ ìkẹyìn, ooru sì ń rú lójú bàsíà.

"Yéè! Olówó orí mi, kí lẹ bù sí i?"

Ọkọ rẹ̀ dúró tòun ti garawa. "Omi sódà ni. Kí ni ǹ bá bù sí i, ọbẹ̀?"

"Ẹ ò wo inú rẹ̀ ni?"

"Ògiri òsì mà ni! Ta ló ń wo inú bàsíà ògiri òsì? Bàbá mi ò wò ó rí."

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó. Omi náà ti pọ́n bí omi ata. Ìyàwó fi igi gbé ìràwọ̀ kan sókè, pupa sì ń ṣàn kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tó ti ń wá ọ̀nà àtilọ tipẹ́.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí Ìyàwó sọ ní Adúmáadán nítorí pé ara rẹ̀ dúdú ó sì ń dán, sá jáde láti ìdí áyọ́ọ̀nù. Ó wo bàsíà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo Ìyàwó, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará nínú Olúwa! Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí pupa tó di funfun, n ò mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì á lọ dán an wò!"

"Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín níbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ètè tirẹ̀ náà ń gbọ̀n.

Ìyàwó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àga kékeré, ó fi ọwọ́ tútù nu ojú. "Ohun àkọ́kọ́ tí Màámi fi lé mi lọ́wọ́," ó wí. "Ohun àkọ́kọ́ gan-an."

Ẹ̀rín kúrò lójú Adúmáadán. Ó wá sún mọ́ ọn. "Ìyàwó wa, ẹ gbọ́. Aró pupa ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ ká rì wọ́n padà, ká fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n gbẹ, ká so wọ́n kọ́. Màámi ò ní mọ̀ láyé. Kò ní tẹnu mi jáde, màá gbé e mì bí oògùn."

Ó rọrùn. Ìyàwó rò ó wò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kọ̀.

"Rárá o. N ò ní fi irọ́ kí Màámi káàbọ̀. Bí mo bá rì wọ́n padà, ọdọọdún tí wọ́n bá ń kọrin ìbí Olúwa ni n ó máa wo igi yẹn, tí n ó máa rántí pé mo tan ìyá ọkọ mi jẹ. Ẹ jẹ́ kó bá a bó ṣe rí. Bó bá bínú, n ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́."

"A jọ máa kúnlẹ̀ ni," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Èmi ni mo gbé garawa."

"Ẹ máa kúnlẹ̀ lọ," ni Adúmáadán wí. "Èmi á dúró sídìí áyọ́ọ̀nù, kí ẹnì kan lè ṣẹ́kù tí yóò jogún ilé iṣẹ́."

Wọ́n ṣan àwọn ìràwọ̀ náà títí omi fi mọ́. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé kò sí èyí tó funfun nínú wọn. Àwọn kan jẹ́ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ojú ọ̀run kí oòrùn tó là. Àwọn kan dà bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu ẹ̀ka. Àwọn yòókù jẹ́ pínńkì, bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun.

"Sódà ò tíì ṣe é dójú ẹ̀ ni," ni ọkọ wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ nítorí àwọn oníbàárà kò ní gba àwáwí.

Ìyàwó fi áyọ́ọ̀nù lọ àwọn ìràwọ̀ náà gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó wọn lọ sí yàrá iwájú, níbi tí igi Kérésìmesì onírọ́bà dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ wúwo ló fi so àkọ́kọ́ kọ́. Nígbà tó gbé pínńkì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù kan, ó dúró wò ó. Ó gbé ọ̀kan tó dà bí ewé sísàlẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló ya etí bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ògbólógbòó kan sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fi ṣe ọ̀já funfun tó yí igi náà po láti òkè dé ilẹ̀. Olùkọ́ kan tó wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbàgbé ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń wo igi.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí? Ara tù mí bí mo ṣe rí i."

Ìgbà yẹn ni Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ti ń kọrin lábẹ́ ẹnu.

Ìràwọ̀ kan ṣẹ́kù. Ó ti há sí igun àpótí, kò bá àwọn yòókù dé inú bàsíà, nítorí náà ó ṣì pupa fòò. Láàárín àwọn àwọ̀ tútù yẹn, ṣe ló dà bí ẹni tó ń pariwo níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbàdúrà. Kò mọ ibi tó fẹ́ so ó sí. Ó gbé e sórí tábìlì.

Fèrè ọkọ̀ dún lóde. Ọmọ Màámi àgbà, awakọ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Onímọ́tò, ló gbé ìyá rẹ̀ dé. Màámi kò tíì wọlé tán tí Ìyàwó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì kúnlẹ̀ tì í.

"Kí ló dé? Ta ló kú?" ni Màámi kígbe.

"Ẹnì kankan ò kú, Màámi. Ẹ káàbọ̀, mà. Ìràwọ̀ Bàbá ni. Mo gbé wọn sábẹ́ ògiri òsì, omi sódà dé bá wọn, gbogbo pupa wọn ló ti lọ. Ẹ fi lé mi lọ́wọ́, n ò sì ṣọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

Màámi kọjá láàárín wọn, ó lọ dúró níwájú igi náà. Ó fi ìka kan ìràwọ̀ búlúù kan. Ó fi kan òmíràn. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Ìyàwó sì tẹrí ba, ó rò pé ẹkún ni.

Ẹ̀rín ni.

"Onímọ́tò, wá wo aṣọ tí mo fi wé ọ nígbà tí mo bí ọ! Búlúù ni tìrẹ. Ìwọ tí o kúnlẹ̀ yẹn, tìrẹ ni èyí tó dà bí ewé. Ìyẹn pínńkì, Adúmáadán ni, ó ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà tí mo rán an. Aṣọ ọmọ tó bá ti kéré, n kì í dà á nù, ìràwọ̀ ni mo máa ń fi rán. Áà, Olúwa ṣeun!"

"Màámi, kí ló wá sọ wọ́n di pupa?" ni Adúmáadán, tó ti kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù, béèrè.

"Ìjà àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Onímọ́tò á so tiẹ̀ sókè pátápátá, èyí á fà á wálẹ̀, á so tiẹ̀. Lọ́dún kan, wọ́n jà títí igi fi wó lù mí lórí."

"Mo rántí ìjà yẹn," ni ọkọ Ìyàwó wí. "N ò kàn rántí àwọ̀."

"Ibo lo ti fẹ́ rántí? Bàbá yín ò nà yín. Ó kó gbogbo ìràwọ̀, ó rì wọ́n sínú aró. Ó wọlé, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n dé ìgbọ̀nwọ́, ó ní, 'Ó tán! Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín. Kí kálukú wá tiẹ̀ níbẹ̀!' Inú rẹ̀ dùn bí ọba tó ti ogun dé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, 'Ẹ ṣeun, Bàbá.' Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún díẹ̀, mo sì wá dáná. N ò jẹ́ kó mọ̀ títí Olúwa fi pè é."

Ọkọ Ìyàwó gbá orí ara rẹ̀. "Aró ọwọ́ ni, kò lè ṣe kó má bó nínú sódà. Àwọ̀ tó bá aṣọ wá láti ibi tí wọ́n ti hun ún ló dúró."

"Ó dúró dè mí," ni Màámi wí. Ó fa Ìyàwó dìde. "Ká ní o ti rì wọ́n padà kí n tó dé ńkọ́?"

Adúmáadán yí ojú sí ògiri, ó ń wúkọ́.

"N ò lè ṣe é, mà."

"Mo rí i. Aṣọ rẹ yìí, àwọ̀ ìyeyè fẹ́lẹ́ ni, àbí? Ìṣẹ́tí rẹ̀ sì pọ̀. Gbé sísọ́ọ̀sì wá."

Bí Ìyàwó ṣe dúró yẹn ni Màámi gé etí aṣọ náà. Ó yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń fi há ara bùláàsì rẹ̀, ó jókòó, ó sì rán ìràwọ̀ kan tí apá rẹ̀ kò dọ́gba dáadáa. Ó so ó sáàárín igi fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú pupa kan ṣoṣo tó wà lórí tábìlì, ó gbé e sí ṣóńṣó òkè.

"Bàbá yín nìyẹn. Kó máa wo gbogbo wa."

Ìyàwó di ọwọ́ Màámi mú, Màámi kò sì gbà á padà.

Ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn tí Onímọ́tò fi rọra na ọwọ́, tó tú búlúù kan nísàlẹ̀, tó sì so ó kọ́ sábẹ́ pupa gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí yín o!" ni àbúrò rẹ̀ pariwo. "Ẹ dá a padà!"

"Èmi ni àgbà. Ọmọ tuntun mi gan-an ń bọ̀ wá gba tiẹ̀ níbẹ̀."

"Pínńkì ńkọ́?" ni Adúmáadán wí, ó ti ń fi ìgúnpá la àárín wọn kọjá. Igi náà fì síwá, ó fì sẹ́yìn.

Màámi kò tilẹ̀ yíjú.

"Ìyàwó mi," ó wí, "ṣé aró pupa yẹn ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

Ọwọ́ gbogbo wọn kúrò lára igi lẹ́ẹ̀kan náà.