Ìgò Méjì Lórí Pẹpẹ

Ọ̀fìnkìn ti di imú Catherine láti ìjẹta. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òórùn ì bá ti ta á lólobó. Ọjọ́ Àìkú kan ni, lọ́dún 1958, nílé ọkọ rẹ̀ ní Aládé. Benedict, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ń bọ̀ láti Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì ti ránṣẹ́ pé ìhà ẹlẹ́dẹ̀ sísun ló ń wu òun jẹ. Catherine mọ ọbẹ̀ kan tí wọ́n máa ń fi pa irú ẹran bẹ́ẹ̀ lára lórí iná. Àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ló kọ́ ọ ní Àkúrẹ́. Kò le rárá. Ó lọ tòmátì, ata àti àlùbọ́sà, ó sè é títí ó fi ki, ó fi iyọ̀ àti oyin sí i. Ó wá nawọ́ sí pẹpẹ, ó mú ìgò fínígà, omi kíkan tó máa ń parí ọbẹ̀ náà, ó sì da díẹ̀ sí i.

Agatha, ìyá ọkọ rẹ̀, wọlé, ó bu ṣíbí kan lá. Ó ní ó korò, kí ìyàwó fi oyin kún un, ó sì lọ rọ̀gbọ̀kú sí yàrá.

Ibi tí Catherine ti ń wá oyin ló ti rí ìgò kejì. Ó rí bíi ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, ṣùkù àgbàdo náà ni wọ́n fi dí i. Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ahọ́n kàn án. Ó kan. Fínígà nìyí. Ìgbà yẹn ló rántí pé Matthias, ọkọ rẹ̀, gbé ìyókù oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó bọ̀ láti oko lánàá, nínú irú ìgò yẹn.

Matthias ti lọ pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i. Bó bá da ọbẹ̀ náà sígbó, tó fọ ìkòkò, ta ni yóò mọ̀? Bó bá sì sọ, ohun tí Aládé yóò gbọ́ ni pé ìyàwó fún ìyá ọkọ ní májèlé jẹ. Ọdún méjì ló ti lò nílé yẹn láìbímọ. Àwọn ẹbí kò ní wá ẹ̀rí jìnnà. Ó gbé ìkòkò dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó gbọ́ tí ìyá ń wúkọ́.

Ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó sáré wọ yàrá, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, oògùn kòkó ni mo dà sínú ọbẹ̀ yẹn. N kò mọ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Agatha dìde, ṣùgbọ́n kò lè dá rìn mọ́.

Catherine pọ̀n ọ́n dé títì, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì gbé wọn dé dìsípẹ́ńsárì, ilé ìwòsàn kékeré ibẹ̀. Wọ́n ní kí Catherine dúró síta. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń lu ògiri nínú lọ́hùn-ún bí gìrì ti ń mú ìyá. Kò rí àdúrà kan kà dópin.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Matthias àti Benedict tó wá wọn débẹ̀. Benedict bi Catherine pé kí ló fún ìyá àwọn jẹ. Nínú yàrá ni ìyá ti dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ:

"Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo tọ́ ohun tí wọn ò bù fún mi wò. Òun ló wá sọ fún mi."

Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá padà wálé. Catherine kò wọ ilé ìdáná mọ́, àfìgbà tí Agatha pè é pé ebi ń pa òun. Iṣu lásán ló sè, ó tọ́ epo wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bù ú. Bí ìyá ti ń jẹun, Catherine jókòó tì í, ó ń wo ọ̀fun rẹ̀ ní òkèlè kọ̀ọ̀kan. Ìyá jẹun tán, ó sùn. Catherine kò dìde níbẹ̀.